Ọmọ Tí A Kò Kọ́ àti Ilé Tí À Ń Kọ́

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú gírámà náà ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú èdè wa, ohùn kan náà ni a fi ń pe ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn mẹ́ta yìí: a kọ́ ilé, a kọ́ iṣẹ́, a kọ́ ọmọ. Àwa onímọ̀ èdè lè máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí bóyá ọ̀rọ̀ kan ni tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa kò bá wa dá sí iyàn náà. Òwe ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òbí tí ó ń kó owó jọ tí kò ráyè gbọ́ ti ọmọ ni a máa ń pa òwe yìí fún. Lónìí, ẹlòmíràn ni mo fẹ́ pa á fún: agbaṣẹ́ṣe, onílé, àti ẹnikẹ́ni tí ó ń gba ènìyàn sí ẹnu iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ní ti àwọn wọ̀nyí, ọmọ tí wọn kò kọ́ kò ní í dúró kí ilé parí kí ó tó tà á. Láti orí ìpìlẹ̀ ni yóò ti bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ ilé kékeré kan ní Ọ̀kà-Àkókó. Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé ìlú olókè ni. Bí ènìyàn bá ti yà ní Àkùngbá, ọ̀nà yóò máa gòkè, àpáta yóò sì máa yọrí láàárín ilé àwọn ènìyàn bí ẹni pé òun náà jẹ́ ará àdúgbò. Ilẹ̀ tí mo rà kò yàtọ̀: apá kan rẹ̀ jẹ́ àpáta, apá kejì jẹ́ erùpẹ̀ rírọ̀. Mo ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta dá iye lé e, ẹni tí iye tirẹ̀ kéré jù ni mo sì gbé iṣẹ́ fún. Ó kó ọmọkùnrin márùn-ún wá. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ọmọṣẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Owó ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ọ̀kadà ni òun ń gùn títí di ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Wọ́n yára, wọ́n lágbára, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ilé dìde kíákíá, inú mi sì dùn pé mo jèrè.

Kí òjò ọdún kejì tó dá, ògiri ya. Láti igun fèrèsé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ dé ìpìlẹ̀, ìka ọwọ́ mi sì lè wọ inú rẹ̀.

Mo lọ bá bíríkìlà àgbà kan ní Ìkàrẹ́, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tí ó dé, kò wo ibi tí ògiri ti ya rárá. Ẹsẹ̀ ilé ni ó lọ wò. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ọkọ́, ó wa ilẹ̀ díẹ̀, ó sì nàró.

“Tíṣà, ọmọ mi,” ni ó wí, “ilé rẹ ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ àpáta, ó ń fi ẹsẹ̀ kejì tẹ ilẹ̀ rírọ̀. Èyí tí ó wà lórí àpáta kò ní í lọ síbì kan. Èyí tí ó wà lórí erùpẹ̀ yóò máa rì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pínyà ni ò ń wò yìí.”

Mo bi í pé, “Bàbá, níbo ni ẹ ti kọ́ èyí?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dọ̀ ọ̀gá òun ni. Ní ọdún kejì tí òun ń kọ́ṣẹ́, wọ́n ń kọ́ ilé kan ní Òkè-Ọ̀kà, ọ̀gá náà sì ní kí àwọn ọmọṣẹ́ máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí yóò fi kan àpáta yíká. “Ọjọ́ mélòó kan ni a fi gbẹ́ ẹ. A rò pé ó ń fìyà jẹ wá ni. Ìgbà tí èmi náà gba iṣẹ́ tèmi ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìmọ̀ tí ì bá gba ilé mi là wà ní Ìkàrẹ́ ní gbogbo ìgbà náà; kò jìnnà sí mi rárá. Àmọ́ inú orí àgbàlagbà kan ni ó wà, kò sí ní ọwọ́ àwọn márùn-ún tí mo ń san owó fún. Owó tí mo fi tún ilé náà ṣe ju èyí tí mo rò pé mo jẹ lérè lọ dáadáa. Èmi pẹ̀lú jẹ̀bi. N kò bèèrè ẹni tí ó kọ́ wọn. Iye owó nìkan ni mo bèèrè.

Kí Bàbá tó lọ, mo bèèrè àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ó ní nígbà kan, mẹ́sàn-án ni òun ní lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó gba òmìnira kẹ́yìn nínú wọn ti lọ sí Èkó, láti ìgbà náà kò sì sí òbí tí ó mú ọmọ wá mọ́. Ó wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí ó jẹ́ gbòǹgbò ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ó ní kódà àwọn tí ń gbé iṣẹ́ fún òun kì í fẹ́ rí ọmọṣẹ́ níbi iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá rí ọmọ kan tí ó mú ṣíbí bíríkìlà dání, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wọ́ díẹ̀, wọn a pariwo pé, “Ó ń fi sìmẹ́ńtì mi kọ́ṣẹ́!”

Gbogbo agbanisíṣẹ́ ni ó ń sọ ọ́: ó ń fi sìmẹ́ńtì mi kọ́ṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí mo gbà pé òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Sìmẹ́ńtì tí ọmọṣẹ́ fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ojú ọ̀gá kéré púpọ̀ sí èyí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ fi ba ilé jẹ́ nígbà tí ojú ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ ní agbègbè wa. Láti ìgbà tí yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ ní Àkùngbá ní ìparí ọdún 1999, èyí tí a wá ń pè ní Adékúnlé Ajáṣin, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń hù bí olú. Láti Àkùngbá dé Ìkàrẹ́, láti Àkùngbá dé Ìwárọ̀-Ọ̀kà, òkìtì yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kò wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà. Iṣẹ́ ń bẹ. Owó sì ń bẹ níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ tó. Ẹni tí yóò ṣe é bí ó ti yẹ ni ó ń wọ́n, ẹni tí ó sì ń dípò rẹ̀ ni lébìrà.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ méjèèjì: ọmọṣẹ́, lébìrà. Ọmọ iṣẹ́ ni ọmọṣẹ́. Iṣẹ́ ni ó bí i. Ó ní ọ̀gá, ó ní ọjọ́ tí ó wọlé, ó sì ní ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. A yá lébìrà láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ náà sì ń parí nígbà tí oòrùn bá wọ̀. N kò fi lébìrà ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òógùn ojú rẹ̀ ni ó ń jẹ, ilé kankan kò sì lè dìde láìsí i. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí ẹni tí ó ń retí kí lébìrà mọ̀ lọ́la ohun tí kò mọ̀ lónìí. Agbanisíṣẹ́ tí ó bá fi lébìrà nìkan kọ́lé fún ogún ọdún, ní òpin ogún ọdún náà, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò wà.

Kí ni ọmọṣẹ́ ń kọ́ gan-an? Púpọ̀ nínú wa rò pé ìtò búlọ́ọ̀kù ni. Ìyẹn ni ó rọrùn jù. Ó ń kọ́ bí a ti ń fi plọ́ńbù wo ìdúró ògiri, ó ń kọ́ bí a ti ń ta okùn kí ìlà má bàa wọ́. Ó ń kọ́ pé nínú kọnkéré tí a fi ń da òpó àti dẹ́kì, bí sìmẹ́ńtì bá jẹ́ òṣùwọ̀n kan, yanrìn yóò jẹ́ méjì, òkúta wẹ́wẹ́ yóò jẹ́ mẹ́rin. Ó ń kọ́ pé omi púpọ̀ a máa mú kí kọnkéré rọrùn láti dà, ṣùgbọ́n a máa gba agbára rẹ̀. Ó ń kọ́ ohun kan tí ojú kò lè fi hàn án: kọnkéré kì í lágbára nítorí pé ó gbẹ. Omi àti sìmẹ́ńtì ni ó ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ kí ó tó dì. Nítorí náà, a níláti máa bomi rin ín, ó kéré tán fún ọjọ́ 7, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ yóò rí i pé ó ti le lójú, yóò sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn. Ilé náà yóò dúró. Agbára tí ó yẹ kí ó ní ni kò ní í ní.

Ẹ̀kọ́ báyìí kò ṣeé gbọ́ lẹ́nu lásán. Ó gba kí ọwọ́ ṣe é, kí ó bàjẹ́, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wó o, kí ọwọ́ sì tún un ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi pe ìkọ́ṣẹ́ ní ohun tí ó gba ọdún. Òbí a mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, onídùúró a dúró fún un, wọn a kọ ìwé àdéhùn, wọn a sì dá ọdún. Ní ọjọ́ òmìnira, ọ̀gá a gbàdúrà, a sì gbé ohun èlò lé ọmọ lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ayẹyẹ yẹn ju ọtí àti ìrẹsì lọ. Ọ̀gá ń fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ọwọ́ ọmọ náà ni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀nà yìí kéré, kí ó lọ wo Èkó àtijọ́. Ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí ó ti oko ẹrú ní Bùràsílì bọ̀ àti àwọn ọmọ wọn, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti ti gbẹ́nàgbẹ́nà kan wá tí ilẹ̀ wa kò tíì rí irú rẹ̀. João Baptista da Costa, tí ó ti Bùràsílì wá, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Ọmọ ilẹ̀ wa, Sànúsí Aka, ni ó bá a ṣe é. Kò sí yunifásítì kan ní Èkó nígbà náà. Síbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì olójú fèrèsé ọlọ́nà, tí ọnà ara wà lórí ògiri wọn, kò dúró sí Èkó nìkan. Wọ́n wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ọwọ́ ọ̀gá ni ó kọ́ ọwọ́ ọmọṣẹ́, ọmọṣẹ́ sì gbé e lọ síwájú.

Ó kù kí a dáhùn àwọn agbanisíṣẹ́. Àwọ̀ tí wọ́n ń sun kì í ṣe ọ̀kan.

Èkíní ni pé ọmọṣẹ́ ń náni lówó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ọdún kìíní, kí ni ọmọṣẹ́ ń ṣe? Ó ń po sìmẹ́ńtì, ó ń gbé búlọ́ọ̀kù, ó ń pọn omi. Iṣẹ́ lébìrà gan-an ni, agbanisíṣẹ́ ì bá sì san owó fún ẹlòmíràn láti ṣe é. Kò tíì pàdánù nǹkan kan. Ní ọdún kejì, ọmọ náà ń tò lẹ́yìn ọ̀gá, ọ̀gá sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bóyá búlọ́ọ̀kù díẹ̀ yóò bàjẹ́, bóyá wọn yóò wó ìlà kan kí wọ́n tún un tò. Ní ọdún kẹta, ọ̀gá lè lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn kí ó fi í sílẹ̀, kí ọkàn onílé sì balẹ̀. Èyí ni èrè tí agbanisíṣẹ́ kì í kà: ẹni tí a lè yí ẹ̀yìn sí. Agbaṣẹ́ṣe tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ méjì pọ̀, nítorí pé níbikíbi tí kò bá sí, níbẹ̀ ni nǹkan yóò ti bàjẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ju ibi tí ojú rẹ̀ bá tó lọ.

Èkejì ni pé bí a bá kọ́ ọ tán, yóò lọ. Àwíjàre yìí ní òtítọ́ nínú, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Agbaṣẹ́ṣe kan yóò jìyà ọdún mẹ́ta, èkejì tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni yóò fi owó díẹ̀ lé e, yóò sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí gbogbo wa bá wá ń ka ara wa sí ọlọ́gbọ́n tí ó ń dúró de ẹlòmíràn láti kọ́ ọmọ, ta ni yóò kọ́ ọ? Bí kò bá sí ẹni tí ó gbìn, ìkórè dà?

Kì í ṣe àwa nìkan ni ó bá ọ̀ràn yìí pàdé. Ní Bìrìtìkó, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1964 ni ó bí àjọ CITB: àwọn agbanisíṣẹ́ ìkọ́lé ń dá owó sí i, àwọn tí ó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ sì ń rí ìrànwọ́ gbà nínú rẹ̀. Ní Jámánì, níbi tí ẹni tí ó fẹ́ di bíríkìlà ti ń lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ agbanisíṣẹ́ àti ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ní àpò àjọní kan tí a ti ń san owó padà fún ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò kọ́ ọmọ ti san owó ẹ̀kọ́ ọmọ tí yóò gbà lọ. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ ọ̀fẹ́.

Àwa náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ITF. Gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin rẹ̀ ní ọdún 2011, agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí owó òwò rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50 náírà lọ́dún, yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń san fún òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà tí àjọ náà fọwọ́ sí lè gba apá kan padà. Àjọ NDE náà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ní ètò tí ó ń fi ọ̀dọ́ sí abẹ́ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Òfin ń bẹ, àjọ ń bẹ. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe tí ó ní kẹ̀kẹ́ ìpoyanrìn kan àti ọmọkùnrin mẹ́fà ní Ìkàrẹ́ kì í tilẹ̀ ka ara rẹ̀ sí agbanisíṣẹ́. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ ni òun ń wá, bí àwọn tí ó kù. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń gbani síṣẹ́ kò lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́ni níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú wa dé ìtòsí. Ọ̀pọ̀ yín ní Èkó mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá di ti táìlì tàbí ti POP, ọ̀pọ̀ onílé ni ó ń wá ọmọ Kútọnu tàbí ọmọ Tógò. Wọ́n ní iṣẹ́ wọn mọ́. Ṣé Ọlọ́run ni ó fún wọn ní ọwọ́ tí ó yàtọ̀ sí tiwa ni? Ó tì o. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ní ọdún 2005, ìjọba gbé òfin kan jáde tí ó fi ìwé-ẹ̀rí ìjọba sí orí ìkọ́ṣẹ́ ìbílẹ̀. Nínú ètò kan, ọmọ ń lo ọdún mẹ́ta: ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọjọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọn kò pa ìkọ́ṣẹ́ àtijọ́ run kí wọ́n tó gba tuntun. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ọjọ́ kan náà tún ṣe.

Nítorí òtítọ́ ni pé ó kù díẹ̀ káàtó. N kò ní í purọ́ fún yín pé gbogbo ọ̀gá àtijọ́ ni ó dára. Àwọn kan ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹrú. Ọmọ yóò lo ọdún kan ní pípọn omi fún ìyàwó ọ̀gá kí ó tó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù. Àwọn kan mọ iṣẹ́, wọn kò lè ka àwòrán ilé, nítorí náà ọmọṣẹ́ wọn pẹ̀lú kò lè kà á. Níhìn-ín ni iṣẹ́ tèmi ti wọlé. Àwòrán ilé kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà àti iye ni ó ń sọ. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kì í rẹ̀yìn. Kí ni ó dé tí a kò fi lè fi Yorùbá kọ́ ọmọṣẹ́ bíríkìlà bí a ti ń ka àwòrán, ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀? Ní Àkókó yìí, tí èdè ń yí padà láti ìlú dé ìlú, Yorùbá ni ó ń pa àwọn oníṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti sọ plọ́ńbù di ọ̀rọ̀ Yorùbá láìbèèrè lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Èdè náà ti wà ní ibi iṣẹ́. Àwa ni a kò tíì tẹ̀lé e débẹ̀.

N kò gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí ní Èkó wó, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Òṣìṣẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, ó sì pa àwọn ọmọdé. N kò sọ pé àìkọ́ṣẹ́ bíríkìlà ni ó wó wọn. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ, ọ̀rọ̀ èlò, àti ọ̀rọ̀ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n bójú tó iṣẹ́ máa ń wà nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ṣẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò mọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé, tí yóò sì lè sọ pé, “Ọ̀gá, irin yìí kò tó.” Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò ní ohun tí yóò fi sọ̀rọ̀. Yóò da kọnkéré sí ibi tí a bá ní kí ó dà á sí.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ ní Ìkàrẹ́, ní Ọ̀kà àti ní gbogbo Àkókó kò pọ̀. Onílé, nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá dá iye lé iṣẹ́ rẹ, má ṣe bèèrè iye nìkan. Bèèrè ẹni tí ó kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ àti iye ọmọṣẹ́ tí ó ní. Agbaṣẹ́ṣe, lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí o bá gbà, mú ọmọṣẹ́ kan, ó kéré tán, kí o fi sí abẹ́ ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́, kí o sì máa fún un ní owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ọmọ tí ebi ń pa ni ọ̀kadà ń pè. Ẹgbẹ́ àwọn bíríkìlà àti ti káfíńtà, ẹ dá àpò kan sílẹ̀ láàárín ara yín, kí ẹni tí ó bá gba ọmọ tí ẹlòmíràn kọ́ san nǹkan sínú rẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ẹ ń gbé iṣẹ́ ńlá jáde, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ yín. Ẹ kò ní í ná kọ́bọ̀ kan lé e.

Bàbá bíríkìlà náà bá mi tún ilé mi ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú ọmọ méjì kan mọ́ra ní àdúgbò, mo sì gbà láti máa san owó oúnjẹ wọn títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Wọ́n ba búlọ́ọ̀kù mélòó kan jẹ́. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n, ọ̀rọ̀ náà sì ń yún mi lẹ́nu: wọ́n ń fi sìmẹ́ńtì mi kọ́ṣẹ́. N kò sọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kan nínú wọn fi plọ́ńbù wo ògiri, ó mi orí, ó sì wó ìlà tí ó tò fúnra rẹ̀ kí Bàbá tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ògiri yẹn wà níbẹ̀ di òní. Kò ya.

Ọmọ tí a bá kọ́ ni yóò bá wa kọ́ ilé.